Bírò ní Àjàṣẹ́, ilé ní Kétu: ọ̀nà mẹ́rin láti ṣiṣẹ́ ìjọba, èwo ló bá yín mu?

Ìwé ìfẹ̀yìntì ẹni ẹlẹ́ni ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ilé ni mo wà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin wa, lọ́jọ́ náà, dósíè (àkójọ ìwé) tí mo nílò sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin ní bírò mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Mo pe àbúrò kan tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, mo ní kó bá mi ya fọ́tò ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ń bọ̀," ló wí, kò sì pẹ́ tó fi dé sórí WhatsApp mi. Ọ̀gá wa ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Àtàǹpàkò mi ṣìnà, ó tẹ ẹgbẹ́ tó wà lókè orúkọ ọ̀gá: ẹgbẹ́ ìsìnkú ìyá ìyàwó mi, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí iye tí aṣọ ẹbí máa jẹ́. Orúkọ baba oníbaba, ọjọ́ ìbí rẹ̀, iye owó oṣù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀ láàrin àwọn àna mi. Bàbá kan tí kò tilẹ̀ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáhùn pé, "Àmín o." Mo sáré pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí i ti rí i.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè irú kọ̀ǹpútà tó yẹ kí òun rà láti máa ṣe iṣẹ́ bírò nílé, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: níbo ni ìwé tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́ wà? Bó bá jẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ò tíì kàn.

Ní bírò wa, télétravail ni wọ́n ń pe kí èèyàn máa ti ilé ṣe iṣẹ́ bírò. Àwọn ará ilé mi ní orúkọ tiwọn: "Ó jókòó sílé, ìjọba ń sanwó fún un." Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jack Nilles, ti ń sọ ọ́ láti ọdún 1973 pé kí wọ́n máa gbé iṣẹ́ tọ òṣìṣẹ́ lọ dípò kí òṣìṣẹ́ máa forí la ojú ọ̀nà lójoojúmọ́. Tiwa níbí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká gbé àwọn ọ̀nà tó wà síwájú ara wọn, kí olúkúlùkù mú èyí tó bá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mu. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo wí o, n kò sọ ipò. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọjọ́ ilé ṣe ẹ̀bùn fún àwọn ọ̀gá, tí akọ̀wé tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tirẹ̀ nílé sì ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

| Ọ̀nà | Ẹni tó bá mu | Ohun tí kò gbọdọ̀ má sí | Ibi tó ti ń dunni |
|---|---|---|---|
| Bírò lójoojúmọ́ | Ẹni tó ń kọjú sí ará ìlú, ẹni tó ń tọ́jú ìwé | Owó ọkọ̀ àti sùúrù | Ojú ọ̀nà |
| Ọjọ́ mẹ́ta bírò, ọjọ́ méjì ilé | Ẹni tó ń kọ ìròyìn, tó ń ṣírò owó, tó ń dáhùn lẹ́tà | Kọ̀ǹpútà alágbèéká ti bírò, iná, íntánẹ́ẹ̀tì, dósíè tó ti wọ kọ̀ǹpútà | Ìpàdé pàjáwìrì máa ń bọ́ sí ọjọ́ ilé gan-an |
| Yàrá iṣẹ́ nítòsí ilé, bíi ní mẹrí (ilé ìjọba ìbílẹ̀) | Ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ tí bírò rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu | Íntánẹ́ẹ̀tì kan tí gbogbo wọn jọ ń lò, bátìrì ńlá, ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́ | Ọ̀gá ibí ń rán an níṣẹ́, ọ̀gá ọ̀hún náà ń rán an níṣẹ́ |
| Ilé pátápátá | Onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ògbufọ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò kan bébà rárá | Gbogbo ti òkè, pẹ̀lú ìwé àdéhùn | Wọn kì í rántí rẹ̀ nígbà ìgbéga |

Ọ̀nà kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí, bẹ́ẹ̀ òun ni mo rò pé ó bá àgbègbè wa mu jù. N ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Èrè rẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń fẹnu pọ̀n ju bó ṣe yẹ lọ

Àjàṣẹ́ ni olú-ìlú, ibẹ̀ ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti ń jókòó, ṣùgbọ́n Kútọnu ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mínísítà wà. Nǹkan bí 30 kìlómítà péré ló wà láàrin ìlú méjèèjì, ẹni tí kò gbabẹ̀ rí á rò pé kò tó nǹkan. Kó lọ wà nínú ọkọ̀ ní Èkpè, níbi tí wọ́n ti ń gbowó ojú ọ̀nà, ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àwọn zémidjan (ọlọ́kadà akérò) máa gba ọ̀tún gba òsì rẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ ká ní wákàtí kan ààbọ̀ ló ń gbà yín ní àlọ, wákàtí kan ààbọ̀ ní àbọ̀. Ọjọ́ ilé méjì lọ́sẹ̀ ti dá wákàtí mẹ́fà padà fún yín, iye yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan.

Fún ọmọ Kétu, ọ̀rọ̀ náà kọjá wákàtí. Ó lé ní 100 kìlómítà láti Kétu dé Àjàṣẹ́, ẹ óò gba Pọ́bẹ̀, ẹ óò gba Sakété. Kò sí ẹni tó lè máa rìn ín ní àlọ àtàbọ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà yàrá ni a ń gbà sí Àjàṣẹ́, a ó sì máa lọ sílé ní ọjọ́ Ẹtì. Ti ọmọ Ṣábẹ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: Kútọnu lé ní 200 kìlómítà sí i, ìparí oṣù ni òmíràn ń rí ọmọ rẹ̀. Owó oṣù kan, ìkòkò méjì ló ń gbé kaná. Èrè tó tóbi jù tí iṣẹ́ ilé lè ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé ìkòkò á di ẹyọ kan.

Èrè ti ìjọba fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí kòrónà dé tí wọ́n fi ìdènà yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ibi tí iṣẹ́ ti wà lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó jẹ́ bébà, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n yí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí irú rẹ̀ lọ́nà tiwọn ní oṣù kejì ọdún 2010: yìnyín bolẹ̀ ní Washington, àwọn bírò ìjọba àpapọ̀ tì fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ìparí ọdún náà ni wọ́n fi òfin lélẹ̀ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ ilé, kí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá, kí wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó gbé iṣẹ́ lọ sílé. Iléeṣẹ́ wọn tó ń fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ àwọn olùṣẹ̀dá àti àmì ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn òṣìṣẹ́ kan láàyè láti ṣiṣẹ́ nílé ní 1997, torí pé iṣẹ́ wọn ṣeé kà: ìwé ìbéèrè mélòó lo parí lónìí?

Èyí tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbà ni ti owó ilé. Wọ́n á ní ìjọba yóò dín owó bírò kù. Ilé ìjọba fúnra rẹ̀ ni púpọ̀ nínú bírò wa ní Àjàṣẹ́, òmíràn ti wà láti ayé àwọn Faransé. Owó ilé wo la fẹ́ dín kù níbẹ̀? Bó bá ṣe tòótọ́, owó máa jáde ní àkọ́kọ́ ni: kọ̀ǹpútà, bátìrì, ẹ̀rọ tó ń ya ìwé sínú kọ̀ǹpútà.

Ìwé: òun ló ń pinnu

Ẹ gbé òṣìṣẹ́ méjì síwájú ara yín. Ẹni àkọ́kọ́ ń dáhùn ìbéèrè tí ará ìlú fi ránṣẹ́ láti ojú òpó service-public.bj, irú bí ìwé tó ń fi hàn pé ẹnì kan ò jẹ̀bi rí ní ilé ẹjọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti bí ìbéèrè náà, inú rẹ̀ ló ń gbé, inú rẹ̀ ló máa parí sí. Ibi tí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò jókòó sí kò kan ẹnikẹ́ni, yálà Wàǹdó tàbí ẹ̀gbẹ́ Akaba Ìdẹ̀nà ní Kétu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti físà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ ní 2018.

Ẹnì kejì wà ní mẹrí, ó ń tọ́jú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí. Ìwé yẹn kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé náà, kò sì yẹ kó jáde. Bí ìyá kan bá ti Ìdìgny wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ojú ló fẹ́ rí, kì í ṣe lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ẹni yìí sílẹ̀ ní bírò. Ẹ fún un ní fáànù àti àga tó dára, ìyẹn ni ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Láàrin àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Dósíè wa jẹ́ ìdajì bébà, ìdajì kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe tí mo rí ní ibi púpọ̀ ni pé wọ́n fẹ́ ya gbogbo bébà ogún ọdún sẹ́yìn wọnú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ bàjẹ́, ẹni tó ń ṣe é ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn, àwọn páálí sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó ṣí lọ́wọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Dósíè tuntun tó bá wọlé lónìí, kí wọ́n yà á kí wọ́n tó fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù. 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ìwé ṣe mọ́ tó) tó fún lẹ́tà títẹ̀, ẹ fi pamọ́ ní PDF/A, irú PDF tí wọ́n ṣe fún ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́. Orúkọ tẹ́ ẹ máa fún fáìlì náà sì ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ. Ní bírò wa, ọdún ló ṣíwájú, nọ́ńbà tẹ̀lé e, irú ìwé ló gbẹ̀yìn. Kí a tó fẹnu kò sí i, a ní fáìlì mọ́kànlá tí gbogbo wọn ń jẹ́ "scan nouveau".

Ti ìbuwọ́lùwé ńkọ́? Òfin wa lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ti gba ìwé orí kọ̀ǹpútà àti ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà wọlé, bí wọ́n bá ṣe é bí òfin ti là á sílẹ̀. Fọ́tò ìbuwọ́lùwé ọ̀gá tí ẹ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà kò sí lára rẹ̀ o. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe é. Ẹ jáwọ́.

Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ má rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Níbí ni owó ti ń ṣòfò jù, nítorí pé ẹni tó ń ra íntánẹ́ẹ̀tì kì í bá ẹni tó ń ra bátìrì sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀.

Bátìrì kan tó jẹ́ fóltì 12, 100 Ah, ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú. Bó bá jẹ́ irú tó ní òjé nínú bíi ti ọkọ̀, ẹ má fà á kọjá ìdajì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pẹ́ kú. Ó ku 600. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 50, módẹ́ẹ̀mù 4G kékeré nǹkan bíi 10. Ẹ pín in: wákàtí mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ kà á sí mẹ́jọ. Odidi ọjọ́ iṣẹ́ nìyẹn láìsí iná ìjọba, láìsí jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo sí aládùúgbò létí.

Ẹ wá gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì sí ipò alágbèéká. Òun àti ojú rẹ̀ lè jẹ 150. Wákàtí mẹ́jọ ti di nǹkan bíi mẹ́ta. Nítorí náà, bí bírò bá fẹ́ fún yín ní kọ̀ǹpútà tábìlì àtijọ́ kan láti gbé lọ sílé pé "ó ṣì dára," ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú yín.

Fóònù tàbí módẹ́ẹ̀mù 4G ni àkọ́kọ́: MTN, Moov tàbí Celtiis. Ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, iná díẹ̀ ló ń jẹ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé gígábáìtì ni ẹ ń sanwó fún. Ìpàdé orí fídíò fún wákàtí kan lè jẹ ju gígábáìtì kan lọ. Ìpàdé kan náà, bí ẹ bá pa kámẹ́rà tí ẹ fi ohùn nìkan ṣe é, ó lè má ju 50 mẹ́gábáìtì lọ. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Bírò tó bá pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn tan kámẹ́rà, tí kò sì fún wọn lówó íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń fi ọwọ́ bọ àpò òṣìṣẹ́ ni. Ẹ ní káàdì SIM iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má jẹ́ pé ìgbà tí ọ̀kan bá sùn lẹ̀yin náà á sùn.

Okùn fáíbà ni èkejì. Ibi tó bá ti dé ní Àjàṣẹ́, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kò sí èyí tó dà bí rẹ̀. Ibi tí kò bá dé, kò dé.

Ẹ̀kẹta ni Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tí àwo kan ń gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì ojú ọ̀run, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórílẹ̀-èdè wa ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ó wúlò púpọ̀ fún ibi tí ilé-iṣẹ́ fóònù kì í mú dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ padà wo bátìrì yín: àwo rẹ̀ lè jẹ wáàtì 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó di 125. Bátìrì tó gbé yín fún wákàtí mẹ́jọ lórí 4G, kò ní lè kọjá mẹ́rin níbí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ará Ṣábẹ tún ní ọ̀rọ̀ tiwọn: ilé tó bá fara ti àpáta, àpáta náà lè dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń bọ̀ láti òpó fóònù, ó sì lè bo apá kan ojú ọ̀run tí àwo Starlink fẹ́ máa wò. Ẹ gun orí òrùlé wò kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má sì gbàgbé ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Wáyà abẹ́ òkun já ní etí òkun Abidjan, ACE àti SAT-3 tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu sì wà lára wọn. Íntánẹ́ẹ̀tì wọ́lẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tiwa náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá mú lọ sílé, ẹ rí i pé apá kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ lè ṣe láìsí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ kan tàbí méjì: kíkọ ìròyìn, yíyẹ ìṣirò wò, kíka ìwé tó gùn.

Báwo lẹ ṣe máa wọ bírò láti ilé?

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kọ́kọ́rọ́ USB tó wà lára kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà. Dósíè inú rẹ̀ àti orin ọmọ yín jọ ń gbé ni. Bó bá bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì, ẹni tó bá he é ti gba bírò yín.

Ọ̀nà kejì: kọ̀ǹpútà bírò wà ní títàn, ẹ ó máa fi ti ilé darí rẹ̀ láti òkèèrè. Ó dára, bó bá jẹ́ inú VPN (ọ̀nà àdììtú orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ará ìta ò lè yọjú sí) lẹ gbà kọjá. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ilẹ̀kùn 3389, sí ìta gbangba íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olè ní ẹ̀rọ tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn kiri gbogbo ayé tọ̀sán-tòru, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí àwọn tó ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè gbowó ìtúsílẹ̀ ń gbà wọlé jù. Ìṣòro rẹ̀ mìíràn ni pé kọ̀ǹpútà bírò kò gbọdọ̀ kú, bẹ́ẹ̀ iná bírò náà ń lọ.

Èyí tí n ó mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi Firefox tàbí Chrome ṣí, tí fáìlì ò kúrò lórí ẹ̀rọ ìjọba rárá. Ẹ fi ìdánimọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì kún páswọ́ọ̀dù, ìyẹn kóòdù kan tí wọ́n máa béèrè lẹ́yìn rẹ̀. Àfiwé kékeré kan tún wà níbí tí àwọn onímọ̀ láti Kútọnu kì í rò: kóòdù tó ń bọ̀ nípa SMS kò ní dé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé yín bá lọ, ẹ ó kàn wà níwájú ilẹ̀kùn ni. Kóòdù inú áàpù fóònù, èyí tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 30, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ẹ yan èyí.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ti bírò ni kó jẹ́, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n sì ti inú rẹ̀ pa, kó jẹ́ àdììtú lójú ẹni tó bá jí i. Nígbà tí bírò bá ń ra ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo orúkọ Windows tó wà nínú rẹ̀: BitLocker, irinṣẹ́ tí ọ̀gá kọ̀ǹpútà bírò fi ń ti disk pa tó sì ń darí rẹ̀, inú Pro ló ti pé. Home ló máa ń wà nínú èyí tó pọ́ọ́kú. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi èyí ná owó lẹ́ẹ̀mejì.

WhatsApp àti àwọn tó lè rọ́pò rẹ̀

Ẹ ti mọ ìtàn mi. WhatsApp dára láti sọ pé "ìpàdé ti sún sí aago mẹ́ta." Kò dára fún ìwé ìfẹ̀yìntì. Òfin 2018 yẹn ní odidi apá kan lórí ìtọ́jú ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni, ni wọ́n sì fi ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fi orúkọ àti owó oṣù ará ìlú síta kò lè sọ pé àtàǹpàkò òun ló ṣìnà.

Ìjọba ilẹ̀ Faransé ṣe tiwọn, Tchap ni wọ́n ń pè é, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, òṣìṣẹ́ ìjọba ló wà fún. Bírò kékeré ò nílò kó ṣe tó bẹ́ẹ̀. Jitsi wà lọ́fẹ̀ẹ́, bírò lè gbé e sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀ fún ìpàdé. Nextcloud náà wà fún pípín fáìlì, ìjọba àpapọ̀ Jámánì ń lò ó. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, èyí tí èmi ò kà sí àbùkù rárá. Bí gbogbo ìpàdé wa bá lè parí ní ìṣẹ́jú 40!

Ọ̀gá, owó, àti ìwé àdéhùn

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?" Ìbéèrè tí gbogbo ọ̀gá ń bi nìyí, kò sì burú. Ọ̀gá tó ń fi ojú ka orí òṣìṣẹ́ láàárọ̀ ò ní sinmi, àfi bó bá kọ́ láti ka iṣẹ́ tó parí. Ọ̀gá wa tẹ́lẹ̀ máa ń pè wá ní wákàtí-wákàtí lọ́jọ́ ilé. Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n kan dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ìgbà mẹ́fà lẹ ti pè mí láàárọ̀ yìí, ìpè yín nìkan ni mo tíì rí ṣe." Ó rẹ́rìn-ín. Ìpè dín kù sí ẹyọ kan, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ní ti owó, ẹ wo àwọn Faransé. Àṣẹ ìjọba wọn ti 2016 fi òpin sí i: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba lè lò nílé, ó kéré tán ọjọ́ méjì ní bírò. Láti 2021 ni wọ́n ti ń san owó kékeré fún ọjọ́ ilé kọ̀ọ̀kan; ó di yúrò 2.88 ní 2023, kò sì gbọdọ̀ kọjá yúrò 253.44 lọ́dún. Ní owó tiwa, nǹkan bíi fáráǹkì 1,890 lọ́jọ́ kan. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà lákọsílẹ̀, òṣìṣẹ́ lè béèrè rẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀. Tiwa, àpò ara wa la fi ń ra gígábáìtì. Bí bírò yín ò bá lè sanwó, kí ó kéré tán ra káàdì SIM tirẹ̀ kó sì máa fi íntánẹ́ẹ̀tì sí i.

Kí ẹ sì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé: ọjọ́ wo, wákàtí wo tí wọ́n lè pè yín, ta ló ni kọ̀ǹpútà, ta ló máa tún un ṣe. Ní Amẹ́ríkà tí òfin ti wà láti 2010, ààrẹ tuntun wọlé ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, lọ́jọ́ náà gan-an ló pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ padà sí bírò. Bí tiwọn bá lè yí padà báyẹn, ẹ má fi yàrá tẹ́ ẹ gbà sí Àjàṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ohun tí ọ̀gá kan fi ẹnu sọ.

Bí èmi ni yín

Bí ẹ bá ń gbé ní Àjàṣẹ́ tí bírò yín wà ní Kútọnu, ẹ mú ọ̀nà kejì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló dára láti fi jókòó sílé. Ọjọ́ Ajé àti Ẹtì máa ń mú kí wọ́n fura sí yín.

Bí ilé yín bá wà ní Ṣábẹ tàbí Kétu, tí ọmọ kékeré mẹ́ta sì ń sáré nínú rẹ̀, ilé kì í ṣe bírò, ẹ má tan ara yín. Ọ̀nà kẹta ni kí ẹ máa bá ọ̀gá sọ. Yàrá kan ní mẹrí, tábìlì mẹ́rin, Starlink kan, bátìrì mẹ́rin sí mẹ́fà àti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó àwo kan pín sí ọ̀nà mẹ́rin, iná kan náà ló ń gbé gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní rò pé ẹ jókòó sílé. Obìnrin tó wà nínú wa ló kọ́kọ́ rí ibi tó dùn jù níbẹ̀: "Bí mo bá wà nílé, ìyá ọkọ mi á ní kí n bá òun gún ẹ̀gẹ́. Bí mo bá wà ní mẹrí, mo lọ sí bírò."

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti kíkọjú sí ará ìlú, ọ̀nà kìíní ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi télétravail tàn yín jẹ.

Èmi, ọjọ́ méjì ni mo ń lò ní Kétu báyìí, mẹ́ta ní Àjàṣẹ́. Mo ti yọ ẹgbẹ́ ìsìnkú kúrò lórí fóònù tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni dósíè bébà máa ń wọlé jù, nítorí náà ọjọ́ yẹn ni mo máa ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń ya ìwé títí di aago márùn-ún, kí n tó wọ ọkọ̀ Pọ́bẹ̀.